Rẹ́jísítà Inú Yàrá Ìránṣọ

Àbúrò mi obìnrin kì í ṣe olùkọ́. Télọ̀ ni. Aṣọ iléèwé ló ń rán, ó sì ti lé lógún ọdún tó ti wà nídìí ẹ̀. Tó bá rí ọmọ kan lójú títì, kó tó wo ojú ọmọ náà ló ti máa mọ bí èjìká rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ọ̀kan ni nínú àwọn tí ìwé ti pọ̀ jù lórí wọn, tí wọ́n á ní iléèwé ò dáa tó fún ọmọ àwọn. Kò bá iléèwé ṣọ̀tá. Iléèwé ló ń bọ́ gbogbo wa nínú ilé yẹn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú ni mo kó wá sọ́dọ̀ rẹ̀, mo ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo fẹ́ lò. Ó ti di ọdún mẹ́fà báyìí, ẹnikẹ́ni ò sì tíì bi mí ìgbà tí màá lọ. Ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì ni mo ń bá wọn ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń pè mí ní Màmá Búrẹ́dì. Ìdájí ni mo ń jáde, aago mẹ́sàn-án kò níí tíì lù tí màá ti wọlé padà pẹ̀lú ìyẹ̀fun nínú irun. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Ẹ lè ní ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ kó tó dà bó ṣe dà. Òótọ́ lẹ sọ.

Ọmọbìnrin mẹ́ta ni àbúrò mi bí. Sísí ni àkọ́bí, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò, tí ohùn rẹ̀ sì gún débi pé wọ́n á ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé. Jẹ́jẹ́ ló tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ti Jẹ́jẹ́ yàtọ̀ pátápátá, ẹ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé e lórí kí ẹ tó mọ̀ pé ó wà nínú yàrá. Àbíkẹ́yìn kò tíì pé ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà là ń pè é, torí pé ó máa ń káwọ́ sẹ́yìn tó bá ń bá àwọn tó jù ú lọ wí. Bàbá wọn ń wa ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì lọ sọ́nà jíjìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ló ń wálé.

Sísí ní ikọ́ fée, àyà rẹ̀ máa ń há. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, ó gbé orí lé tábìlì nínú kíláàsì. Olùkọ́ rò pé oorun ni, ó ní kí àwọn yòókù fi í sílẹ̀ kó sinmi. Wọ́n ṣe ìṣirò, wọ́n ka ìwé, aago lù, kálukú gbé báàgì. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kàn án pé kó dìde ká lọ, ara rẹ̀ ti tutù.

Olùkọ́ náà wá sílé wa. Ó kúnlẹ̀, ó sunkún, èmi gan-an ni mo gbé e dìde nígbẹ̀yìn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àbúrò mi bi í. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ pe orúkọ wọn lẹ́yìn ìsinmi?" Olùkọ́ ní rárá, àárọ̀ nìkan làwọn máa ń pe orúkọ. Àbúrò mi ní, "Ẹ ò pè é."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Tó bá ń gé aṣọ, á dá sísọ́ọ̀sì dúró láàárín, á ní, "Wọn ò pè é." Tó bá ń bu omi, bákan náà. Lójú tiẹ̀, ká ní ẹnì kan ṣáà pe orúkọ ọmọ yẹn lẹ́yìn ìsinmi, kò níí dáhùn, wọ́n á mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é, wọ́n á sì sá gbé e. N kò rí nǹkan fi bá a jiyàn. Títí dòní n kò tíì rí i.

Nígbà tí iléèwé wọlé padà, kò jẹ́ kí àwọn méjì tó kù lọ. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, ó gba fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní òfin gbà á láyè láti kọ́ wọn nílé, ṣùgbọ́n tó bá di oṣù mẹ́rin, ẹnì kan á wá wo ìwé àwọn ọmọ. Bí ẹni náà bá rí i pé wọn ò kọ́ nǹkan kan, dandan ni kí wọ́n padà síléèwé. Àbúrò mi buwọ́ lù ú. Nígbà tó délé, ó fi fọ́ọ̀mù náà hàn mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bá gba àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́ mi, ẹ wá bá mi wá ibi tí ẹ máa sin mí sí." Mo ní kó yéé sọ̀rọ̀ àìdáa. Ojú rẹ̀ ni mo wò tí mo fi mọ̀ pé kò bá mi ṣeré.

Yàrá ìránṣọ ló sọ di kíláàsì. Ó kó ìdajì aṣọ kúrò lórí tábìlì ìgéṣọ, ó kun pátákó kan ní dúdú, ó fi kọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù. Ṣọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ tó fi ń sàmì sí aṣọ ló fi ń kọ̀wé sí i. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ló fi ń kọ́ wọn ní ìṣirò, kí n má purọ́, ó mọ̀ ọ́n kọ́. Láàárín oṣù kan, Ìyá Àgbà ti mọ̀ pé tí èèyàn bá pín mẹ́rìndínlógójì sọ́nà mẹ́rin, mẹ́sàn-án ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pín ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì. Èmi tí mo ju ọmọ náà lọ ní àádọ́ta ọdún, ìka ni mo ṣì ń kà.

Òfin méjì ló ṣe. Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé orí lé tábìlì. Tí Ìyá Àgbà bá ti fọwọ́ lérán lásán, ìyá rẹ̀ á kígbe, gbogbo wa á sì fò dìde. Èkejì, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni wọ́n máa pe orúkọ, láàárọ̀, lẹ́yìn ìsinmi, àti nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣíwọ́. Ó ní kí n bá òun ra rẹ́jísítà bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Èmi ni mo lọ rà á. Ìwé gbọọrọ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, mo tiẹ̀ tún fi páálí bò ó kó má baà tètè ya.

Lọ́jọ́ kìíní, mo ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó ṣí i. Ó ti fi rúlà fa ìlà sí i. Ó gbé bírò sókè, ó pè, "Sísí."

Mo rò pé àṣìsọ ni. Ṣùgbọ́n ó dúró bí olùkọ́ ṣe máa ń dúró, tó ń retí kí ọmọ dáhùn. Jẹ́jẹ́ wo ojú mi. Èmi wo bàtà mi. Nígbà tó ṣe, àbúrò mi gbé bírò sílẹ̀, ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò tẹ̀ ẹ́, kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà.

Mo pè é sí ilé ìdáná. Mo ní, "Kí ló dé tóo kọ orúkọ ọmọ yẹn mọ́ wọn?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí mi ò bá pè é, kí ni mo wá fi dáa ju àwọn tí kò pè é lọ?"

Mo padà sídìí ìkòkò mi. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa sọ?

Lọ́jọ́ kẹta, ó tún pe Sísí. Ohùn kan sì dáhùn pé, "Mo wà níbí, mà!" Ohùn náà gún, ó dún gooro bí aago, àbí n kò mọ ohùn Sísí ni? Omi tó wà lọ́wọ́ mi dà sílẹ̀. Ìgbà tí mo yọjú wo inú yàrá, Jẹ́jẹ́ ló dìde dúró, tó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń gbé e. Àbúrò mi sàmì sínú rẹ́jísítà. Ó pe Jẹ́jẹ́, ọmọ náà jókòó, ó tún dìde, ó fi ohùn kékeré tirẹ̀ dáhùn. Ó pe Ìyá Àgbà, ìyẹn ní òun wà níbí, ebi sì ń pa òun. Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo gbọ́ tí àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ohun tí n kò gbọ́ láti ìgbà tá a ti sin ọmọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi àgbàlagbà ṣe. Mo fa Jẹ́jẹ́ mọ́ra, mo ní ọmọ tó gbọ́n ni, mo sì gé ìdí búrẹ́dì gbígbóná fún un, èyí tí gbogbo wọn máa ń du. Inú mi dùn pé ilé ti rọgbọ.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni Sísí ń dáhùn nínú ilé wa. Mo bá ara mi tí mò ń dúró gbọ́ ọ. Tí mo bá ń pọn omi lẹ́yìnkùlé, ohùn náà á wọ etí mi, ọkàn mi á sì kọ́kọ́ fò sókè kí n tó rántí. Ìgbà kan wà tí mo ka àwo sílẹ̀ fún ọ̀sán, ìgbà tí mo kà á tán ni mo rí i pé àwo kan lé.

Ìwé ló kàn. Àbúrò mi máa ń tẹ́ ìwé mẹ́ta sílẹ̀, ti Sísí sì ni èyí tí wọ́n kó wá nínú báàgì rẹ̀ láti iléèwé, tí ó ku ojú ewé púpọ̀ nínú ẹ̀. Tí ọ̀sán bá pọ́n tí ìwé yẹn ṣì funfun, ojú àbúrò mi á ṣókùnkùn, ẹ̀kọ́ á sì dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí ìwé náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ìṣirò ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, kò sí èyí tó ṣì. Ìkọ̀wé rẹ̀ gan-an ni ti Sísí, pẹ̀lú ìrù gígùn tó máa ń fi sí ìdí lẹ́tà. Àbúrò mi á fi bírò pupa sàmì sí i, á na ìwé náà sí mi, á ní, "Ẹ wo ọmọ yìí o, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é!" Ẹ̀rín á gba ojú rẹ̀ kan. Tó bá kan ìwé Jẹ́jẹ́, á ní, "Ó dáa," á sì pa á dé.

Mo bá Jẹ́jẹ́ lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ lọ́jọ́ kan, láàárín ìgékù aṣọ, tó dojú kọ ìwé Sísí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní, "Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

Ó ní, "Sísí ló ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, mà."

"Jẹ́jẹ́. Èmi lò ń dá lóhùn o."

"Mò ń bá a di bírò mú ni, Màmá Búrẹ́dì. Ẹ má sọ fún Màámi, wọ́n á tún lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ láìtẹ̀ ẹ́."

Mo ti la ẹnu láti pe ìyá rẹ̀. Nígbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń sáré, àbúrò mi sì ń kọrin sí i lábẹ́lẹ̀. Mo dìde, mo gbọn eruku nù lórókún, mo lọ se oúnjẹ.

Nǹkan mìíràn tún wà. Gbogbo àdúgbò ló ń pe àbúrò mi ní Ìyá Sísí. Lẹ́yìn tí Sísí kú, àwọn aládùúgbò rò pé àánú làwọn ń ṣe é, ni wọ́n bá yí i padà sí Ìyá Jẹ́jẹ́. Kò dá wọn lóhùn. Obìnrin tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó pè é nígbà mẹ́rin, "Ìyá Jẹ́jẹ́! Ìyá Jẹ́jẹ́!" Àbúrò mi kò gbójú sókè lórí aṣọ. Ìgbà tó sú obìnrin náà, tó pè é ní "Ìyá Sísí," ni àbúrò mi tó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Jẹ́jẹ́ ló di páálí abẹ́rẹ́ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo sì rí ìwé tí àbúrò mi ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí. Ẹni tó ń rán aṣọ iléèwé kì í dúró kí ọmọ tó dàgbà. Níbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, á fi díẹ̀ kún gígùn àti díẹ̀ kún èjìká, torí ó mọ bí ọmọ ṣe ń ga. Mo ń wá ibi tí mo fi gíláàsì mi sí ni mo ṣí ìwé náà. Ìlà Sísí ṣì ń lọ. Ó ti fi íǹṣì kan kún gígùn rẹ̀ fún sáà tuntun. Lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aṣọ náà ti wà níbẹ̀, ó ti rán an tán, ó ti lọ̀ ọ́. Mo rọra pa ìwé náà dé, mo sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi títí ẹsẹ̀ mi fi kú.

Bàbá wọn dé lọ́jọ́ kan láàárín ìpè ọ̀sán. Ó gbọ́, "Sísí," ó sì gbọ́ ìdáhùn. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ wo táyà, inú ọkọ̀ ló sì wà títí tí wọ́n fi ṣíwọ́. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ bá a, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Tí mo bá fi lè bẹ̀rẹ̀, ẹkún ni màá sun, mi ò sì níí lè wakọ̀ mọ́." Mo ní mo ti gbọ́. Ó tún lọ sọ́nà jíjìn, n kò sì sọ nǹkan kan. Ohun tó ń dá mi dúró, kí n sọ òótọ́, ni pé tí mo bá sọ̀rọ̀, n kò níí gbọ́ ohùn yẹn mọ́.

Oṣù kẹrin pé. Obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, ó fi okùn so gíláàsì kọ́rùn, ó kí wa dáadáa. Àbúrò mi ti fọ ilẹ̀ yàrá náà lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin náà bi Ìyá Àgbà ní ìṣirò, ìyẹn dáhùn, ó sì bi obìnrin náà bóyá òun náà mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo ní lọ́kàn mi pé a ti bọ́.

Ó fa ìwé tó nípọn jù sọ́dọ̀. Ó ṣí i, ó ń ṣí i lọ, ó ń mi orí. Ó ní, "Ta ni Sísí? Iṣẹ́ ọmọ yìí dára gan-an ni." Ó mú ìwé Jẹ́jẹ́. Ojú ewé mẹ́ta ló ní iṣẹ́ nínú. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó dì í mú lódì ni.

Ó ní, "Ìwọ ni Jẹ́jẹ́? Oṣù mẹ́rin, ojú ewé mẹ́ta? Sísí wá dà, kó wá kí mi?"

Àbúrò mi di kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mú. Ìyá Àgbà káwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Sísí ti kú, mà. Jẹ́jẹ́ ló ń ṣe é." Bó ṣe sọ ọ́, ẹ máa rò pé ẹni tí ilẹ̀ gbígbá kàn ló ń sọ.

Obìnrin náà bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó sún àga mọ́ Jẹ́jẹ́, ó rọra bi í pé, "Iṣẹ́ tìẹ ńkọ́, ọmọ mi? Kí ló dé tí o ò ṣe tìẹ?"

Ọmọ náà ní, "Tí mo bá ṣe tèmi, Màámi á ní ó dáa. Tí mo bá ṣe ti Sísí, wọ́n á rẹ́rìn-ín."

Ohùn tó fi sọ ọ́ gún, ó dún gooro. Ibẹ̀ ni mo ti gbìyànjú láti rántí ìgbà tí mo gbọ́ ohùn Jẹ́jẹ́ kẹ́yìn, n kò rántí. Tí wọ́n bá pe orúkọ tirẹ̀ nínú rẹ́jísítà, ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ pé orí ló kàn ń mì, tí ìyá rẹ̀ á sì sàmì láìwo òkè.

Obìnrin náà kò kọ ohunkóhun sínú fáìlì rẹ̀. Ó ní òun á padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé Jẹ́jẹ́ ni òun fẹ́ rí, ti Jẹ́jẹ́ nìkan. Tí kò bá sí nǹkan nínú ẹ̀, àwọn méjèèjì á padà síléèwé. Ó fọwọ́ kan àbúrò mi léjìká, ó sì lọ.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ̀?"

Mo ní, "Mo mọ̀."

Ó ní, "Èmi náà mọ̀." Mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á kúrò, n kò sì bá a wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí ojú ewé tuntun. Orúkọ méjì ló kọ síbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó kọ wọ́n tán. N kò bọ́ bàtà mi, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Ó nu ojú, ó gbójú sókè, ó pè, "Jẹ́jẹ́."

Ọmọ náà dìde, ó gbé àgbọ̀n sókè. "Mo wà níbí, mà!"

Ohùn Sísí ni. Àbúrò mi dijú. Ó ní, "Rárá, ọmọ mi. Ìwọ ni mò ń pè. Ohùn tìẹ ni mo fẹ́ gbọ́."

Jẹ́jẹ́ la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo èmi náà, ojú rẹ̀ sì ń kún fún omi. Ó ní, "Màámi, ẹ má bínú. Mi ò mọ bó ṣe máa ń rí mọ́."

Àbúrò mi ti rẹ́jísítà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó kúrò lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ó pè é lórúkọ, ó sì dúró. Ohùn Sísí ló tún jáde. Àbúrò mi tún pè é.